Orin Tí Kò Dárúkọ Ara Rẹ̀

Nínú fíìmù, ojú wa ló ń gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára wa: ojú ẹni tó ń sunkún, ilé tó ń jó, ọkọ̀ ojú omi tó ń sún mọ́ èbúté lóru. Orin ni a kì í rí. Kò sí ẹni tó mú fáólìnì dání lójú ogun, kò sì sí adarí ẹgbẹ́ olórin tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Síbẹ̀ orin yìí ló máa ń sọ fún ọkàn bí yóò ṣe gba ohun tí ojú ń rí. Bí fíìmù bá parí, a ó máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ara wa, a ó máa pe orúkọ àwọn òṣèré, ṣùgbọ́n orin tó mì wá lọ́kàn yẹn yóò kù sí wa létí láìní orúkọ.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá lórí irú orin tí ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà máa ń lù, tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Orin tó bá ní ọ̀rọ̀ rọrùn láti wá. Gbólóhùn kan péré tí èèyàn bá gbọ́ nínú rẹ̀, ó ti rí ohun tí yóò fi béèrè. Ti ọ̀kẹ́sítírà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a kò ju bí ohùn ṣe gòkè àti bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ, àti ìbànújẹ́ tàbí ìgboyà tó bá a wá. Ta ni a ó gbé ìbànújẹ́ lọ bá, tí yóò wò ó tán, tí yóò sì sọ fún wa pé Vienna lèyí ti wá, tàbí Venice?

Ó jọ pé etí tí a fi èdè Yorùbá tọ́ máa ń jìyà ọ̀rọ̀ yìí ju etí mìíràn lọ. Etí wa kì í tètè gbà pé ohùn lè máa lọ sókè, kó máa bọ̀ nísàlẹ̀, kó má sì sọ nǹkan kan. Bí gángan bá dún lóde ìnáwó, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni ohun tó ń wí. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù yóò dáhùn. Ẹni tí ìlù ń kì yóò ti na ọwọ́ sápò kí àwọn yòókù tó mọ̀ pé oríkì ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Àwọn ọmọdé wa náà ń ṣe é: wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí igbe ẹyẹ, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí aago ilé ìwé. Ohùn tí kò bá ní ọ̀rọ̀, a ó bá a wá tirẹ̀.

Ìtàn ìjọ nílẹ̀ wa fi èyí hàn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gbé orin ìyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ ohùn tí a kò dá fún un. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ahọ́n ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń yí padà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Ìnira yẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà tó wà ní Marina l'Ékòó, tó sì tẹ ìwé Yoruba Music jáde ní 1953. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí a ti tọ́ wa nìyẹn. Nítorí náà, tí okùn fáólìnì bá ń gòkè tó ń sọ̀ nínú fíìmù, etí mi á kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sí i. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ni ín. Ọmọ ta ni orin yìí? Níbo ni wọ́n ti ń lù ú kí àwọn onífíìmù tó mú un lọ?

Ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Denys Parsons, ronú ọ̀nà kan tó yẹ kó yé Yorùbá kíákíá. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975 to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn orin sílẹ̀ láìlo nóòtì kankan. Lẹ́yìn ìró àkọ́kọ́, ohun mẹ́ta péré lèèyàn ní láti mọ̀ nípa ìró kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e: ṣé ó gòkè ju ti ìṣáájú ni, ṣé ó sọ̀kalẹ̀, àbí ó dúró sójú kan. Ìbẹ̀rẹ̀ Símfónì Karùn-ún Beethoven, tí tọmọdé tàgbà ti gbọ́ rí, yóò jẹ́: dúró, dúró, sọ̀kalẹ̀, gòkè, dúró, dúró, sọ̀kalẹ̀. Ó tán. Ẹni tí kò mọ ìwé orin kà lè fi ìka tọ̀ ọ́ títí dé orúkọ. Ìwé kan ti wà ṣáájú tirẹ̀, ti Barlow àti Morgenstern ní 1948, tí ohùn orin bíi 10,000 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lè kọ nóòtì sílẹ̀ ní lẹ́tà ni tiwọn ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ti Parsons jù, nítorí ó gba etí ẹni tí kò kàwé orin gbọ́. Àyàn tó ń lu dùndún kò ní bá ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀.

Lónìí fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí Shazam bẹ̀rẹ̀ ní London ní 2002, nọ́ńbà 2580 lèèyàn ń pè, yóò gbé fóònù sókè sí orin, orúkọ orin yóò sì dé bí àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣàmì sí ibi tí ìró ti lágbára jù bí orin ti ń lọ, yóò sì fi àwọn àmì náà wé ti àwọn àwo tó ti wà nípamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwo ló mọ̀. Kò mọ orin. Iṣẹ́ Beethoven kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ ló ti lù ú sínú àwo, ọ̀kan ń sáré, èkejì ń fà á. Bí onífíìmù bá wá pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti tún un lù, tó gbé ọ̀rọ̀ òṣèré àti ìró ìbọn lé e lórí, fóònù lè má rí nǹkan kan dì mú. Láti 2020 ni Google ti ń gbà kí èèyàn fi ẹnu kùn orin náà sí òun létí, ìyẹn sì sún mọ́ èrò Parsons: ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, láìka ẹni tó lù ú sí.

Nígbà mìíràn, orúkọ tí a ń wá ju ẹyọ kan lọ. Ẹ wo fíìmù Stanley Kubrick, 2001: A Space Odyssey, tó jáde ní 1968. Kubrick ti ní kí Alex North kọ orin sí i. North kọ ọ́, wọ́n gbà á sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń ṣí fíìmù náà ní New York tó lọ wò ó ló tó mọ̀ pé kò sí ìró kan tirẹ̀ nínú rẹ̀. Orin àwọn ẹlòmíràn tó ti wà nílẹ̀ ni Kubrick fi rọ́pò rẹ̀. György Ligeti, ọ̀kan lára wọn tó wà láàyè nígbà náà, bá orin tirẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a jíròrò. Èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ fíìmù náà ni ìbẹ̀rẹ̀ Also sprach Zarathustra, tí Richard Strauss kọ ní 1896: dùùrù tó ń kùn nísàlẹ̀ pátápátá, ìpè tó ń gòkè lórí rẹ̀, ìlù ńlá tó ń dáhùn. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò tó ìṣẹ́jú méjì nínú iṣẹ́ tó gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn tó lù ú nínú fíìmù ni ẹgbẹ́ Vienna Philharmonic, Herbert von Karajan ló darí wọn, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Decca tó ni àwo náà kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ wọn. Nígbà tí àwo orin fíìmù náà dé ọjà, Karl Böhm àti àwọn ará Berlin ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ra àwo yẹn nítorí ohun tó gbọ́ ní sinimá gbé orin kan náà lọ sílé, ọwọ́ mìíràn ló lù ú.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 2016. Jóhann Jóhannsson kọ orin fún fíìmù Arrival, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò fún ẹ̀bùn Oscar. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, nítorí ipa tí orin ẹlòmíràn kó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fíìmù náà: On the Nature of Daylight, tí Max Richter ti gbé jáde láti 2004. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jáde kúrò ní sinimá lọ́jọ́ yẹn ló ń yin ọkùnrin kan fún omijé tí ọkùnrin mìíràn fà.

Nínú gbogbo irú orin wọ̀nyí, èyí tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Adagio Albinoni.

Peter Weir lò ó nínú Gallipoli ní 1981. Ìtàn àwọn ọmọkùnrin Ọsirélíà méjì tí wọ́n mọ eré sá ni fíìmù náà, àwọn tí ogun 1915 gbé dé etíkun Tọ́kì. Ọ̀nà méjì ni orin àtijọ́ gbà wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n tó rán àwọn ọmọ ogun lọ síbi tí wọn kò ní í ti bọ̀, Major Barton jókòó sínú àgọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ àwo lórí giramafóònù: ohùn ọkùnrin méjì láti inú opera Bizet, The Pearl Fishers. A rí ẹ̀rọ náà, a rí ẹni tó fi àwo sí i. Orin yẹn wà nínú ayé àwọn tó fẹ́ kú. Adagio kò sí nínú ayé wọn. Wọn kò gbọ́ ọ, wọn kò lè gbọ́ ọ. Àwa tó ń wò wọ́n nìkan ni a ń gbọ́ ọ, bí ẹni pé a ti ń ṣọ̀fọ̀ wọn kí wọ́n tó kú.

Orson Welles ti lò ó ṣáájú, ní 1962, nínú The Trial, fíìmù tó gbé jáde láti inú ìwé Kafka nípa ọkùnrin tí wọ́n mú, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún. Kenneth Lonergan tún lò ó ní 2016 nínú Manchester by the Sea, níbi tí ilé Lee Chandler ti jóná pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Lonergan jẹ́ kí orin náà gùn, ó jẹ́ kó bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré mọ́lẹ̀. Àwọn kan bínú pé ó ti pọ̀ jù, pé ó ń fipá mú ni sunkún. Èmi kò bá wọn bínú sí i. Ẹni tí irú ìyẹn bá dé bá kì í gbọ́ ohun tí àwọn tó yí i ká ń sọ. Ariwo kan á bo gbogbo rẹ̀. Lonergan fi orin ṣe ariwo náà.

Bí a bá sọ fíìmù sílẹ̀, tí a gbọ́ orin náà fúnra rẹ̀, báyìí ló rí. Dùùrù ló wà nísàlẹ̀. Àwọn olókùn ńlá ń fi ìka já okùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn ìsàlẹ̀ ń rìn, kò yára, kò dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn fáólìnì wọlé láti òkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Láàárín rẹ̀, fáólìnì kan á dá sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́ fún un. Nígbà tí gbogbo wọn bá tún padà pọ̀, ohùn wọn á kún ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa orin òyìnbó yóò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀. Fóònù yóò mú un láìpẹ́, nítorí àwọn tó ti lù ú sínú àwo pọ̀. Orúkọ tí yóò gbé jáde ni Albinoni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn dúró síbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Tomaso Albinoni gbé ayé lóòótọ́. Wọ́n bí i ní Venice ní 1671, ó sì kú ní 1751. Ó kọ opera lọ́pọ̀lọpọ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti sọnù; ó kọ orin fún fáólìnì; ó sì wà lára àwọn ará Ítálì tó kọ́kọ́ tẹ kọnsáàtò jáde fún óbò. Johann Sebastian Bach mú lára ohùn tí Albinoni dá, ó fi ṣe fúùgù tirẹ̀. Ẹni tí Bach bá yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n Adagio tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí nígbà ayé rẹ̀, tàbí ní igba ọdún tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀. 1958 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó gbé e jáde ni Remo Giazotto, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, tó ti kọ ìwé odidi kan lórí Albinoni ní 1945.

Giazotto ní láti ilé ìkàwé Dresden, ní Jámánì, ni àjákù ìwé kan ti dé ọwọ́ òun: ohùn ìsàlẹ̀, àti báà mẹ́fà ti fáólìnì. Ó ní orí àjákù yẹn lòun kọ́ ìyókù lé. Ìtàn náà wọ etí. Ní oṣù kejì 1945 ni bọ́ǹbù àwọn ọkọ̀ òfuurufú Britain àti Amẹ́ríkà sọ Dresden di eérú, ilé ìkàwé ńlá rẹ̀ sì bá a lọ. Orin tó yọ nínú iná, ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ ọ? Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn wá lọ wádìí, wọn kò bá àmì irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé náà. Ohun tí etí ń gbọ́ kò sì jọ ti ìgbà Albinoni: ọ̀fọ̀ inú rẹ̀ tú jáde ju bí àwọn ará Venice ìgbà yẹn ṣe ń jẹ́ kó tú jáde lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ Albinoni jinlẹ̀ gbà báyìí pé Giazotto ló kọ ọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ẹlòmíràn ni Giazotto wò.

Mo ti gbìyànjú láti lóye ọkùnrin yìí. Olè tí a mọ̀ máa ń mú iṣẹ́ ẹlòmíràn, yóò sì fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Giazotto ṣe òdìkejì rẹ̀: ó fi orúkọ òkú bo iṣẹ́ ara rẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, a mọ ohun tó sún mọ́ ọn. Babaláwo kì í sọ pé òun ló dá ẹsẹ Ifá tó ń kì. Ẹnu àwọn awo àtijọ́ ló ń fi í sí. Oníjàálá á júbà fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó la ẹnu, bí ó bá tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tuntun kún un, ọlá àwọn tó ṣáájú ló ń jẹ. Ìyẹn jẹ́ kí n rọra dájọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ìwé òkú kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì lè mọ ibi tí tòkú parí sí, tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó sì tún ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 1958, bí ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ítálì kan bá gbé orin tó rọ̀, tó dùn, tó sì ń sunkún jáde lórúkọ ara rẹ̀, àwọn ọ̀gá ìgbà yẹn tí wọ́n ń wá ohùn tuntun líle kì bá tí wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lórúkọ Albinoni, ó di ìṣúra.

Ṣùgbọ́n oníjàálá tó júbà tán yóò sọ̀rọ̀ lóhùn ara rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà lágbo yóò sì mọ̀ pé òun ló ń sọ ọ́. Ibi tí Giazotto ti yà kúrò lọ́nà nìyẹn. Ohun tó ṣe pa èèyàn méjì lára. Ó pa òun fúnra rẹ̀ lára, nítorí orin kan lára àwọn tí ayé ń gbọ́ jù ní ọ̀rúndún tó kọjá wá láti ọwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó tún pa Albinoni lára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni ayé wá mọ̀ nípa ohun tí kò ṣe. Bí èèyàn bá ra àwo rẹ̀ nítorí Adagio, tó wá gbọ́ orin rẹ̀ gan-an, èyí tó mọ́lẹ̀, tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tó sì ń rìn ṣámúṣámú, yóò máa rò pé ohun kan sọnù.

Mo sì ń bi ara mi pé: bí orúkọ bá jẹ́ èké, ṣé omijé náà di èké? Sarajevo ni mo máa ń gbé ìbéèrè yìí lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1992, ọta àwọn tó dó ti ìlú náà balẹ̀ sáàárín àwọn èèyàn tó tò láti ra búrẹ́dì, ó pa wọ́n lọ́pọ̀. Vedran Smailović, tó ń ta sẹ́lò, wọ aṣọ dúdú tí àwọn ọ̀kẹ́sítírà máa ń wọ̀, ó gbé sẹ́lò rẹ̀ lọ sí gbangba, ó sì ta Adagio yìí fún àwọn tó kú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ lórí ọjọ́ níbi tí ìbọn ti ń dún. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni wọ́n dáná sun ilé ìkàwé àpapọ̀ tó wà ní Sarajevo, àwòrán Smailović níbi tó jókòó sí láàárín àlàpà rẹ̀ sì ti káyé. Èyí ni mo ń rò: ìtàn tí Giazotto sọ nípa ilé ìkàwé tó jóná kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Dresden. Ní Sarajevo, ilé ìkàwé tó jóná wà níbẹ̀ lóòótọ́, orin náà sì ń dún nínú rẹ̀. Àwọn tó dúró gbọ́ ọ kò sunkún nítorí Albinoni. Òkú wọn ni wọ́n ń sunkún fún, ohùn yẹn ló sì bá wọn gbé e.

Nítorí náà, mi ò ní sọ pé orúkọ ló ń jẹ́ kí orin ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ láìní orúkọ, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló kù. Ẹni tó bá ṣe nǹkan, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa nílé. Fela Sowande, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí ní 1905, kọrin lábẹ́ Phillips ní Kàtídírà Marina kó tó lọ sí London. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe olùdarí orin fún Colonial Film Unit, ẹ̀ka ìjọba Britain tó ń ṣe fíìmù tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóru, tí wọ́n ń wo aṣọ funfun tí wọ́n ta, bí wọ́n bá rántí nǹkan kan, àwòrán ni wọn yóò rántí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè ẹni tó ń mójú tó orin.

Ní 1944, Sowande kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn, ẹbí kan náà tó ń lu Adagio. Apá tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ń jẹ́ Akinla, ohùn ijó highlife sì wà nínú rẹ̀ gbangba. Rédíò CBC ní Kánádà fi Akinla ṣí ètò Gilmour's Albums fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, tí kò sì kúrò lórí afẹ́fẹ́ títí di 1997. Mo máa ń ronú nípa àwọn ìdílé tó wà nínú yìnyín níbẹ̀, tí wọ́n mọ ohùn yẹn bí wọ́n ṣe mọ ohùn ìyá wọn, tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀ lé e nílẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé akọrin Kàtídírà Èkó kan ló kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀: apá àkọ́kọ́ rẹ̀, Joyful Day, orí ohùn tí Ephraim Amu ará Gánà dá ni Sowande gbé e kà. A mọ ìyẹn títí di òní. Sowande yá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ ẹni náà kò sọnù, orúkọ tirẹ̀ náà kò sọnù.

Giazotto kú ní 1998. Òfin kò gbàgbé rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń pa ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ mọ́ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ Albinoni ti di ti gbogbo ayé tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n Adagio yìí yóò ṣì ní oní-nǹkan títí di òpin 2068. Onífíìmù tó bá fẹ́ lò ó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn tó ń ṣírò owó ti mọ ẹni tó kọ ọ́, àwa tó ń gbọ́ ọ ló kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè orin ọ̀fọ̀ inú Gallipoli, Giazotto ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún un pé kó wá àkójọ kẹsàn-án tí Albinoni tẹ̀ jáde ní 1722, kó wá kọnsáàtò kejì inú rẹ̀, tí wọ́n kọ fún óbò, kó sì gbọ́ apá àárín. Àwọn olókùn ló kọ́kọ́ ń yí, wọ́n ń yí, kí óbò tó wọlé pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo tó fà gùn lórí wọn. Adagio ni wọ́n kọ sórí òun náà, Albinoni ló sì kọ ọ́.